Nọ́ńbà Méje Tí Ìyá Ìgò Kò Kọ

Ọdún kejìlélógún rèé tí obìnrin yìí ti ń fọ ìgò ní ilé-ìwé girama náà, débi pé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò wúlò mọ́ àfi nínú fọ́ọ̀mù. Ìyá Ìgò ni àwọn ọmọléèwé ń pè é. Ìyá Ìgò ni àwọn olùkọ́ ń pè é. Ọ̀gá àgbà tí kì í fẹ́ mọ ẹnikẹ́ni náà mọ Ìyá Ìgò. Kò bínú sí i. Ó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹni pe ẹni sàn ju kí wọ́n fi ẹ̀gàn pe ẹni lọ, òun ṣáà ti rí olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń pè ní Orí Bàtà.

Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kò ju ibi tí mọ́tò kékeré kan lè wọ̀ lọ. Síǹkì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń jò, èkejì kì í gbé omi mì. Fèrèsé kan ṣoṣo wà lókè, ó ga débi pé ojú ọ̀run nìkan lèèyàn lè rí níbẹ̀. Ìyá Ìgò a máa sọ pé ìyẹn tó òun, torí ẹni tí òun ń wò kò sí nísàlẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí aago bá lù fún ìparí iṣẹ́, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ìgò gbọọrọ alámì àti ìgò ikùn ńlá ló ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ èyí tí wọ́n fi po asíìdì àti èyí tí wọ́n fi bu omi lásán, kódà bí ọmọ tó lò ó bá parọ́ fún un.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà ni sítọ́ọ̀ kẹ́míkà wà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn onírin àti àgádágodo méjì. Níbẹ̀ ni Bàbá Asíìdì ti jọba fún ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé kò sí ẹ̀wù rẹ̀ kan tí kò lu. Òun ló ń wọn kẹ́míkà fún àwọn olùkọ́, òun ló ń to ìgò sórí pẹpẹ, òun ló sì ń kọ orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó ní tábìlì. Ó ní àga tó ní ìgbẹ́yìnlé. Orí korobá tí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ ni Ìyá Ìgò ń jókòó sí ní tirẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní gíríìsì. Ohun tó fẹ́ láyé yìí, yàtọ̀ sí ìjọba ọ̀run, ni sítọ́ọ̀ yẹn.

Orí korobá kejì ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti dàgbà. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, àwọn ọkùnrin méjì tó tẹ̀ lé e ṣì kéré gan-an. Bí wọ́n bá ti jáde ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbúrò ìyá wọn a gba àwọn ọkùnrin, ọmọbìnrin a wá bá ìyá rẹ̀. A máa fi aṣọ nu ìgò gbẹ, a máa ka orúkọ tó wà lára wọn sókè bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀. Bàbá Asíìdì a fún un ní gáàmù, òun àti ìyá rẹ̀ a jọ máa lẹ orúkọ mọ́ ìgò. Ibẹ̀ ló ti kó kẹ́mísírì bí ọmọ ṣe ń kó ọ̀fìnkìn. Ó ka ìwé, ó gba oyè yunifásítì, ó lọ́kọ, ó di olùkọ́ kẹ́mísírì. Nígbà tó sì di ọdún méjì sẹ́yìn, ìjọba gbé e wá sí ilé-ìwé yìí gan-an, bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé ìgbéniṣípò náà.

Ìyá Ìgò dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, bí àwọn méjèèjì ṣe jọ ń rìn bọ̀ láti ibùdókọ̀, ọmọ náà fà sẹ́yìn díẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, tí a bá ti wọlé, ẹ jẹ́ kí n máa pè yín bí gbogbo wọn ṣe ń pè yín. Kí àwọn ọmọ yìí má baà rí mi fín."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kò tíì pé wákàtí kan tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìyá Ìgò, mo fẹ́ ogún ìgò tẹ́ẹ́rẹ́." Ó ka ogún fún un. Ó tún nù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbé wọn fún un. Nígbà tó délé, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ tó bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun níbi iṣẹ́ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ti àkọ́kọ́ kò wọlé dáadáa.

Bàbá Asíìdì fẹ̀yìn tì nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Gbogbo ilé-ìwé ló rò pé Ìyá Ìgò ni yóò gba kọ́kọ́rọ́. Òun náà rò bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ti wo ibi tí yóò gbé ìwé àdúrà rẹ̀ sí lórí tábìlì náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá àgbà lẹ ìwé kan mọ́ pátákó. Ó ní ayé ti yí padà, pé ẹni tí yóò bá tọ́jú kẹ́míkà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ ní ìlànà tó péye. Nítorí náà, ìdánwò yóò wà: ogójì ìbéèrè, àmì kẹ́míkà ni wọ́n á fi hàn, èèyàn á kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá gba ọgbọ̀n ló yege. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni yóò ṣètò rẹ̀, òun náà ni yóò sì máàkì rẹ̀.

Olùkọ́ kẹ́mísírì kan ṣoṣo ló wà ní ilé-ìwé náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ náà wá sílé ìyá rẹ̀. Kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní òun ò lè kọ́ ìyá òun ní ohunkóhun títí ìdánwò yóò fi parí. Ó ní ọ̀gá àgbà mọ̀ pé ìyá òun ni, àwọn olùkọ́ kan náà ti gbọ́, wọ́n sì ń wo òun fún ipò olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Tí ẹ̀sùn bá kan òun lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó parí nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ní òun ò bẹ̀ ẹ́. Ó gbé oúnjẹ fún un, ọmọ náà jẹ díẹ̀, ó ní ọkọ òun ń dúró de òun.

Báyìí ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tún di ọmọléèwé. Bàbá Asíìdì ló gbà láti kọ́ ọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́, á wọ ọkọ̀ lọ sílé bàbá náà, wọ́n á jókòó sí pálọ̀ tí aṣọ fèrèsé rẹ̀ ti ṣá, bàbá á di ojú, á máa sọ ọ́ láti orí, òun á máa kọ ọ́ sẹ́yìn àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti fẹ́ dà nù.

"Ọ̀rọ̀ ìdílé ni," bàbá náà ṣàlàyé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. "Mẹ́tàlì ni baálé. Orúkọ baálé kì í yí. Ẹni tó bá wá bá a nínú ilé ni orúkọ ẹ̀ ń yí. Tí kílórínì bá dá wà, kílórínì ni. Ọjọ́ tó bá fẹ́ sódíọ́mù, ó di kílóráìdì nìyẹn."

Ìyá Ìgò gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan bí, Bàbá. Kódà nínú ìgò, obìnrin náà ló ń pa orúkọ ẹ̀ dà."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní òun ò ṣe òfin, òun kàn ń kọ́ni ni.

Ó kọ́ ọ pé ọ́síjìn ni àlejò. Tí sọ́fọ̀ bá wọ ilé láìmú àlejò kankan dání, sọ́fáìdì ló ń jẹ́. Tí ó bá kó àlejò mẹ́rin wọlé, sọ́féètì. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti lọ, sọ́fáìtì. Ìyá Ìgò ní ilé tí àlejò bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí wọ́n máa wá orúkọ, oúnjẹ ló yẹ kí wọ́n máa wá. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀, á máa jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ẹni tó jókòó tì í á rò pé àdúrà ló ń gbà. Ó wo ẹfun tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé, ó ní kálíṣíọ́mù kábọ́néètì. Ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní sódíọ́mù kílóráìdì ti pọ̀ jù. Ọmọ rẹ̀ tó kéré jù, tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ìlú mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí fóònù. Ó dá a lóhùn pé Ọlọ́run tó ní kí ènìyàn àkọ́kọ́ sọ gbogbo ẹranko lórúkọ kò sọ fún un pé ọgbọ̀n nínú ogójì ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n dé orí ọwọ́. Bàbá Asíìdì ní mẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan ní iye ọwọ́ tó fi ń di ẹlòmíràn mú. Sódíọ́mù ní ẹyọ kan, kálíṣíọ́mù ní méjì, wọn kì í yí i padà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn ò ṣeé gbọ́kàn lé. Áyánù, ìyẹn irin gan-an, lónìí a na ọwọ́ méjì, lọ́la a na mẹ́ta. Kọ́pà náà bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀dì náà bẹ́ẹ̀. Èèyàn ní láti ka ẹrù tó gbé kí ó tó lè mọ iye ọwọ́ tó nà, ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé fi máa ń kọ nọ́ńbà ọwọ́ náà sínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ.

Ìyá Ìgò kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹrù náà. Ìṣirò yẹn dùn mọ́ ọn ju gbogbo ìyókù lọ, ó máa ń ṣe é sí etí ìwé, kì í sì í ṣì í. Nígbà tó béèrè bóyá dandan ni kí èèyàn kọ nọ́ńbà yẹn, bàbá náà ju ọwọ́ nù.

"Ìwé nìyẹn. Ní sítọ́ọ̀ tiwa, áyánù kílóráìdì kan ṣoṣo la máa ń rà. Kí la fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe? Nínú ilé tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ṣé wọ́n máa ń sọ pé ẹ pe àkọ́bí wá?"

Òótọ́ sì ni. Fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí ìgò kan nínú sítọ́ọ̀ náà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Ọwọ́ Ìyá Ìgò ló ti lẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ náà, wọ́n sì ti mọ́ ọn lójú bí ojú àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn méjì péré ló jókòó ṣe ìdánwò náà ní yàrá ìkàwé, òun àti obìnrin tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Atẹ̀wé yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kéré sí i ní ọdún mẹ́wàá, ó máa ń kí i dáadáa, kò sì tíì fọwọ́ kan ìgò kan rí. Inú ìwé ńlá kan ló ti há gbogbo rẹ̀ sórí, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń há, pé ó kàn ń lọ bí orin èdè ẹlòmíràn. Ìyá Ìgò parí ṣáájú àkókò. Ó tún gbogbo rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó jáde, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi tí ó fi fọ síǹkì tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ẹtì ni èsì jáde. Atẹ̀wé gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìyá Ìgò gba méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ó dúró níwájú pátákó náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi korobá ọwọ́ rẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń sinmi. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ń kọjá ní kó má dùn ún, pé èyí tó gbà yẹn gan-an pọ̀ fún ẹni bíi tirẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ náà. Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ wo ìwé òun, wọ́n sì gbé e fún un.

Ó ṣí ìwé náà lórí korobá rẹ̀. Márùn-ún nínú ohun tí ó kọ kò dára rárá, ó gbà, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n méje mìíràn wà. Áyánù kílóráìdì. Áyánù ọ́sáìdì. Áyánù sọ́féètì. Kọ́pà sọ́féètì. Kọ́pà ọ́sáìdì. Lẹ́ẹ̀dì náítíréètì. Máńgánéèsì ọ́sáìdì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bírò pupa fa ìlà kan, ó sì kọ "kò pé." Ní etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèje, ìṣirò Ìyá Ìgò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: mẹ́ta, mẹ́ta, méjì, méjì, méjì, méjì, mẹ́rin. Ó ka ọwọ́ gbogbo wọn. Ó kà wọ́n dáadáa. Kò kàn gbé nọ́ńbà náà sínú orúkọ ni, torí pé láti ọdún méjìlélógún, kò tíì rí i lára orúkọ.

Ọmọ rẹ̀ wọlé ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tó ti dé ilé-ìwé náà, kò tíì ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn rí.

"Màámi," ó wí.

Ìyá rẹ̀ kò gbé ojú sókè. "Áyánù kílóráìdì mélòó ló wà ní sítọ́ọ̀ yìí?"

"Ẹyọ kan ni."

"O rí ohun tí mo kọ sí etí ìwé?"

"Mo rí i. Ibi tí ìdáhùn wà nìkan ni wọ́n ní ká máàkì." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Màámi, tí wọ́n bá mú oríṣi kejì wá lọ́la ńkọ́? Tí ẹnìkan bá gbé èyí tí kì í ṣe é? Orúkọ tí kò pé léwu. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Mi ò lè wá sọ pé ó pé nítorí pé ẹ̀yin ni."

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, Ìyá Ìgò sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló korò nínú rẹ̀. Ká ní irọ́ ni, ì bá bá a jà, ì bá lọgun, wọn ì bá sì parí ìjà. Ó pa ìwé náà dé. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo tó kù, ó sì béèrè rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìwọ náà bá mi lẹ orúkọ wọ̀nyẹn mọ́ ìgò. Orí korobá yìí lo jókòó sí. Nígbà tí o ń kọ ìbéèrè náà, ṣé o mọ̀ pé a kì í kọ nọ́ńbà níbí?"

Omi ń jò nínú síǹkì.

"Mo mọ̀," ó wí.

"O wá fi méje sí i."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Tó bá rọrùn jù, wọ́n á ní mo ṣe é fún yín. Ọ̀gá àgbà ní kí n fi èyí tó máa ń kó ìdààmú bá àwọn ọmọ sí i. Mo fi ẹyọ kan sí i, mo fi èkejì sí i. Mi ò mọ ìgbà tó di méje." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo sì rò pé ẹ máa rántí."

"Kí ni mo fẹ́ rántí? Ohun tí mi ò rí rí?"

Aago lù. Ọmọ náà ní kíláàsì ń dúró de òun, ó ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọléèwé mẹ́ta wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé àpótí ìgò wá dá padà. Olùkọ́ kẹ́mísírì tún ohùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Ẹ kó o fún Ìyá Ìgò," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá Ìgò gba àpótí náà. Ọ̀kan ti fọ́ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń wo ojú ara wọn. Kò bá wọn wí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ méjèèjì fún Atẹ̀wé, ọ̀gá àgbà sì ránṣẹ́ pé kí Ìyá Ìgò fi ọ̀nà hàn án. Ó fi hàn án. Ó fi gbogbo pẹpẹ hàn án, èyí tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi, èyí tí kò gbọdọ̀ rí oòrùn, èyí tí èèyàn gbọdọ̀ di imú kó tó ṣí i. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Atẹ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, ó ń dúpẹ́ títí. Ní ọjọ́ kẹrin omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe òun ló yẹ kó wà níbẹ̀, pé òun kàn fẹ́ kúrò lábẹ́ ọ̀gá àgbà ni. Ìyá Ìgò ní kó nu ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fi ọwọ́ yẹn nù ún, nítorí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mú.

Ìyá Ìgò kọ lẹ́tà ní ọjọ́ karùn-ún. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ibi ìfọṣọ ní ilé tí àwọn ọmọléèwé ń gbé. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó ń fọwọ́ sí i. Nígbà tí Ìyá Ìgò jáde, ó rí orúkọ ọmọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn kejì sí ti ọ̀gá àgbà: olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Ó kà á tán, ó gba ibẹ̀ kọjá.

Ibi ìfọṣọ gbóná, aṣọ ibùsùn ń rùn, ṣùgbọ́n àga wà níbẹ̀. Ọmọ náà ń pè é lórí fóònù ní àràárọ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé e. Ó máa ń béèrè àwọn ọmọ, ó máa ń béèrè ọkọ, ó máa ń sọ pé orúnkún òun dára. Ọ̀rọ̀ náà kì í gùn. Ọmọ náà ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé òun ti dárí jì í, ó sì rò pé òótọ́ ni òun ń sọ.

Àfi tí ilẹ̀ bá mọ́, tó bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Orúkọ ni obìnrin yìí fi máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀, láti ọjọ́ tó ti bí wọn, láti orí àgbà dé orí àbúrò, orúkọ ní kíkún, torí kò fẹ́ kí ìbùkún ṣìnà lọ sílé ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, tó bá la ẹnu, orúkọ àkọ́kọ́ kì í jáde. Ó ti gbìyànjú. Ó ti fi omi tutù yọ ẹnu. Ó ti sọ fún Ọlọ́run pé kò dùn mọ́ òun nínú. Ní ìkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èkejì, ó sọ ohun tó fẹ́ fún un. Ó sọ ti ẹ̀kẹta, ó ní kí iná ẹ̀rọ má gbé e, kí ó rí aya gidi. Ó di etí ibùsùn mú láti fi dìde, orúnkún rẹ̀ dún.

"Àti ẹni yẹn náà, Olúwa," ó wí. "O mọ̀ ọ́n."